Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Africatown, abúlé àwọn èèyàn wa létí Mobile

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Nínú ìwé ìròyìn tó kọjá, ìlà bíi mẹ́ta péré la fi mẹ́nu kan Africatown, abúlé kan tó wà létí ìlú Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, a ní àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti apá ọ̀dọ̀ wa wà lára àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó. Háà, lẹ́tà ń tẹ̀lé lẹ́tà, àwọn kan fi WhatsApp ránṣẹ́, àwọn míì tiẹ̀ fi ohùn sílẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú méje. Torí náà gbogbo ojú ìwé yìí lónìí, ti Africatown nìkan ni. Ohun kan tí mo ṣàkíyèsí ni pé ọkọ̀ tó kó wọn lọ lẹ̀ ń béèrè ṣáá. Màá dáhùn ti ọkọ̀, ẹ má mikàn, ṣùgbọ́n abúlé yẹn gan-an ló jẹ mí lógún. Ọkọ̀ náà, òru ọjọ́ kan ni wọ́n fi dáná sun ún, abúlé ti lo 150 ọdún ó lé, àwọn èèyàn ṣì máa sùn síbẹ̀ lálẹ́ òní.

ÌBÉÈRÈ (láti Ògbómọ̀ṣọ́): Ẹ jọ̀ọ́, ṣé abúlé gidi ni àbí orúkọ lásán? Ibo ló wà gan-an, báwo sì làwọn èèyàn náà ṣe débẹ̀?

ÌDÁHÙN: Abúlé gidi ni o. Tẹ́ ẹ bá wà láàárín ìgboro Mobile tẹ́ ẹ wá kọrí sí àríwá, bíi máìlì mẹ́ta péré ni, ẹ ó dé àwọn àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Plateau àti Magazine Point, ibẹ̀ náà ni. Odò Mobile wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, odò kékeré tó ń jẹ́ Three Mile Creek wà nísàlẹ̀, àárín wọn làwọn ilé wà. Nígbà yẹn igbó ni, igi àti ẹrẹ̀, ẹbí olówó kan tí wọ́n ń pè ní Meaher ló ni apá tó pọ̀ níbẹ̀, àwọn ló ni sọ́míìlì tí wọ́n ti ń la igi, àwọn náà ló ni ọkọ̀ tó ń kó òwú lórí odò.

Ẹ fi orúkọ Meaher yẹn sọ́kàn. Ìtàn tí gbogbo èèyàn ń sọ ni pé Timothy Meaher ló fi owó ta á pé òun á kó ẹrú wọ Amẹ́ríkà lójú ìjọba, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa fòun ṣe. Bẹ́ẹ̀ láti 1808 ni òfin ti de kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun. Ó rán ọ̀gá atukọ̀ kan, William Foster, nínú ọkọ̀ onígbòkun tó ń jẹ́ Clotilda, pẹ̀lú wúrà tó tó 9,000 dọ́là. Foster lọ sí Ouidah, èbúté kan nílẹ̀ Dàhòmì, ó ra èèyàn, ó kó nǹkan bí 110 padà bọ̀, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé. Oṣù keje 1860 ni wọ́n yọ́ wọ odò Mobile lóru, wọ́n kó àwọn èèyàn náà pamọ́ sínú esùsú, Foster bá dáná sun ọkọ̀ kí ẹ̀rí má baà sí. Wọ́n pe Meaher lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà kú sí kóòtù, kò ṣẹ̀wọ̀n ọjọ́ kan. Wọ́n wá pín àwọn èèyàn náà bí ẹni pín ẹran ọdẹ, Timothy àtàwọn arákùnrin ẹ̀ mú tiwọn, Foster mú tiẹ̀, wọ́n ta àwọn tó kù lọ sí òkè odò. Àwọn tó kù sí àyíká Mobile, bí ọgbọ̀n èèyàn, ló dá abúlé náà sílẹ̀ lẹ́yìn tí òmìnira dé, àwọn fúnra wọn ló pè é ní African Town.

ÌBÉÈRÈ (láti Ìdàáṣà, ilẹ̀ Benin): Ṣé Yorùbá ni gbogbo wọn lóòótọ́, àbí ẹ kàn fẹ́ gbà wọ́n mọ́ ara yín ni? Ta ló sì tà wọ́n? Ìyá bàbá mi máa ń sọ ìtàn ogun Dàhòmì bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè, torí mi ò fẹ́ ká sọ ju bó ṣe yẹ lọ. Rárá, kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹ̀yà oríṣiríṣi ló wà nínú ọkọ̀ náà, ẹni tí wọ́n tiẹ̀ padà fi ṣe olórí abúlé, Gumpa, ọmọ Dàhòmì pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n àwọn tiwa pọ̀ níbẹ̀, ẹni tí ayé mọ̀ jù nínú gbogbo wọn sì ń jẹ́ Kossola, àwọn òyìnbó ló sọ ọ́ di Cudjo Lewis. Ọmọ bí ọdún 19 ni nígbà tí wọ́n mú un. Àwọn tó tọpa ọ̀rọ̀ ẹ̀ sọ pé agbègbè Bantè ló ti wá, lọ́dọ̀ àwọn Ìṣà, kò jìnnà sọ́dọ̀ yín rárá. Ó sọ bí wọ́n ṣe mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọgbó nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n ń gbọ́ nǹkan tó ń bú ramúramù, wọ́n ń lé ohùn yẹn kiri, àfìgbà tí àwọn àgbà fi ohun tó ń dún hàn wọ́n. Mi ò ní lọ jìnnà lórí ìyẹn, àwọn tó mọ orò ti mọ ohun tó ń sọ.

Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ ẹ̀rí, ẹ gbọ́ orúkọ. Àkọ́bí Kossola, orúkọ méjì ló ní bíi gbogbo ọmọ ẹ̀ yòókù, Aleck ni wọ́n fi ń pè é níta, orúkọ ilé ẹ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni Iyadjemi. Ẹ pè é síta kẹ́ ẹ gbọ́. Ìyàjẹmí! Bàbá tó sọ ọmọ ẹ̀ ní Ìyàjẹmí ní Alabama, ta ló fẹ́ túmọ̀ ìyẹn fún wa? Obìnrin kan náà wà tí wọ́n kó wá nígbà tó ṣì kéré gan-an, Matilda McCrear ni wọ́n sọ ọ́ dà, Àbákẹ́ lorúkọ ẹ̀. Wọ́n ní títí tó fi darúgbó, irun ẹ̀ kò yé jẹ́ irun tí wọ́n ń dì nílé.

Ní ti ẹni tó tà wọ́n, ìyá yín àgbà ò purọ́. Glele ọba Dàhòmì ni. Ìdájí làwọn ọmọ ogun ẹ̀ ya wọ ìlú Kossola, àwọn obìnrin ajagun sì wà nínú wọn, ẹni tó bá sá gba ẹnubodè kan á pàdé wọn níbẹ̀. Wọ́n bẹ́ ọba ìlú náà lórí, wọ́n so àwọn tó ṣẹ́ kù mọ́ra lọ sí Abomey, olú ìlú Dàhòmì, wọ́n sì gbé orí àwọn tí wọ́n pa dání lọ́nà. Kossola ti lé ní 80 ọdún nígbà tó ń sọ ọ̀rọ̀ orí yẹn, kò lè sọ ọ́ parí. Glele yìí kan náà ló kógun wá bá Abẹ́òkúta ní 1864 tí àwọn Ẹ̀gbá lù ú padà.

ÌBÉÈRÈ (láti Abẹ́òkúta): Nígbà tí òmìnira dé, kí ló dé tí wọn ò padà sílé bí àwọn Sàró àti Àgùdà ti ṣe?

ÌDÁHÙN: Nínú gbogbo lẹ́tà tó dé, tiyín yìí ló dùn mọ́ mi jù, àfi kó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá ló máa béèrè ẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀yin tí àwọn Sàró padà wá bá nílé. Wọ́n fẹ́ padà o! Kò sóhun méjì tó wà lọ́kàn wọn. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin 1865 ni òmìnira bá wọn. Kossola ní àwọn wà nínú ọkọ̀ ojú omi tóun ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, làwọn sójà Yankee, ìyẹn àwọn ọmọ ogun apá àríwá Amẹ́ríkà, bá yọ létí odò, wọ́n ń já èso mulberry jẹ, bí wọ́n ṣe rí àwọn, wọ́n ní ẹ ò lè dúró síbẹ̀ mọ́, ẹ kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n béèrè pé ibo wá làwọn máa lọ, àwọn sójà ní àwọn ò mọ̀, kí wọ́n lọ síbi tó bá wù wọ́n. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn kẹ́ ẹ tún un wò. Bí ọdún márùn-ún ni wọ́n ti sìn, wọ́n di aṣọ wọn ní ìdì, ibi tó wù wọ́n ni ilé, ilé sì wà lódìkejì òkun.

Àwọn Sàró, ọkọ̀ ogun òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n lójú omi tí wọ́n sì sọ̀ wọ́n sí Freetown, láti ibẹ̀ sí Èkó kì í ṣe ọ̀nà tó pẹ́ jù, àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ dá owó jọ ra ọkọ̀ fúnra wọn. Àwọn Àgùdà náà, ọkọ̀ òwò ń lọ ó ń bọ̀ láàárín Bahia ní Brazil àti Èkó, ẹni tówó bá ti pé lọ́wọ́ ẹ̀ á wọ̀ ọ́. Ti Mobile kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ kankan kì í ti ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá máa lọ, àfi kó háyà ọkọ̀. Síbẹ̀ wọ́n gbìyànjú, àwọn ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì fún dọ́là kan lóòjọ́, àwọn obìnrin ń gbin ẹ̀fọ́, wọ́n ń gbé e sórí lọ tà ní ìgboro Mobile, wọ́n ń jẹun ráńpẹ́, wọ́n ń fowó pamọ́. Ìgbà tí wọ́n ṣírò ẹ̀ tí wọ́n tún un ṣírò, wọ́n rí i pé owó ọkọ̀ ò lè pé láéláé.

Wọ́n wá gbìmọ̀, wọ́n ní ẹni tó kó wa wá síbí, òun ló yẹ kó fún wa ní ilẹ̀. Wọ́n fi Kossola ṣe agbẹnusọ torí ẹnu ẹ̀ gbọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó ń gé igi fún sọ́míìlì, Timothy Meaher wá jókòó sórí igi tó gé lulẹ̀, ó rí i tí ojú ẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́, ó béèrè ohun tó ṣe é. Kossola sọ ọ́ fún un pé a ní ilé, a ní ilẹ̀, a ní èèyàn, ẹ kó wa kúrò nídìí gbogbo ẹ̀ wá fi ṣe ẹrú, ní báyìí tí a ò ṣe ẹrú mọ́, a ò nílẹ̀, a ò nílé, kí ló dé tẹ́ ẹ ò fún wa ní ilẹ̀ díẹ̀ ká fi kọ́lé? Bí Kossola ṣe sọ ọ́, ńṣe lọkùnrin náà fò dìde, ó ní ṣé wọ́n rò pé òun á máa fún wọn ní dúkìá lórí dúkìá ni, òun tọ́jú wọn dáadáa nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹrú, òun ò jẹ wọ́n ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, mo pa ìwé náà dé, mo jáde síta fúngbà díẹ̀.

Wọ́n bá rà á. Wọn ò jí i, wọn ò gbà á fúùfú, wọn ò sì rí i lọ́fẹ̀ẹ́ bí ìjọba ṣe ń fún àwọn òyìnbó ní ilẹ̀ lápá ibòmíì nílẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Ní 1870, Charlie Lewis, ọ̀kan nínú àwọn tí ọkọ̀ náà kó wá, àtàwọn kan da owó pọ̀, wọ́n ra éékà méje ní 200 dọ́là lápá Three Mile Creek, títí dòní Lewis Quarters ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ní 1872 Kossola san 100 dọ́là fún bí éékà méjì, lọ́wọ́ àwọn Meaher náà ló ti rà á o, owó tó gbà lọ́wọ́ wọn nídìí iṣẹ́ ló tún kó padà fún wọn. Àwọn yòókù rà bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ìwé ilẹ̀ náà wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Ẹ bá mi wá abúlé míì tó jẹ́ pé àwọn tí wọ́n jí gbé ló ra ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó jí wọn gbé.

ÌBÉÈRÈ (láti Ìwó): Ìlú ò gbọdọ̀ wà láìsí olórí. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣèlú?

ÌDÁHÙN: Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé náà ni. Wọ́n ní kí Gumpa jẹ́ olórí torí ọmọ ìjòyè ni láti Dàhòmì. Àwọn kan á ní kí ló dé, ṣé Dàhòmì kọ́ ló kó wọn lẹ́rú ni? Ìdáhùn wọn ni pé kì í ṣe òun ló kógun wá, wọ́n ta òun náà ni. Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan. Wọ́n yan adájọ́ méjì tì í, Jaba àti Keeby, wọ́n ṣòfin pé kò sólè, kò sí ọtí àmuyíràá, ẹni tó bá ṣẹ̀ wọ́n á pè é jókòó, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀. Ilé kíkọ́, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, gbogbo wọn á kọ́ ti ẹnì kan tán, wọ́n á bọ́ sí ti ẹlòmíì.

Nígbà tó yá wọ́n di onígbàgbọ́, ní 1872 wọ́n dá ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn sílẹ̀ torí àwọn tó wà nítòsí ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará oko Áfíríkà ni wọ́n, Union Missionary Baptist Church ni wọ́n ń pè é lónìí. Ìsìnkú tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní 1876, itẹ́ òkú yẹn ṣì wà. Ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ ní 1880, ó padà di Mobile County Training School, orúkọ ńlá ni láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Alabama, ó ṣì ń kọ́ ọmọ dòní.

Ìbò ńkọ́? Ní 1874 Kossola, Charlie àti Pollee, tí òun náà bá ọkọ̀ yẹn wá, lọ dìbò, Meaher lọ sọ fáwọn tó ń bójú tó o pé wọn kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà. Wọ́n lọ sí ibùdó kejì, ó ti gun ẹṣin dé ibẹ̀ ṣáájú wọn, wọ́n lọ sí ìkẹta, bákan náà. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ojú ọ̀nà St. Stephens, wọ́n ní kí kálukú wọn san dọ́là kan, owó iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan nìyẹn, wọ́n san án, wọ́n dìbò, wọ́n sì tọ́jú ìwé tí wọ́n gbà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

ÌBÉÈRÈ (láti Peckham, London): Mo wo ibẹ̀ lórí Google, ohun tí mo rí ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ilẹ̀ òfìfo, ilé tó ti wó, títì ńlá, tánkì. Ṣé abúlé tẹ́ ẹ ń yìn yìí náà nìyẹn? Kí ló ṣẹlẹ̀?

ÌDÁHÙN: Òun náà ni, ohun tẹ́ ẹ rí yẹn gan-an ló jẹ́ kí n ya gbogbo ojú ìwé yìí sọ́tọ̀. Abúlé náà ò kú fúnra ẹ̀ o, wọ́n gún un pa díẹ̀díẹ̀ ni.

Ní ìparí àwọn ọdún 1920, ilé iṣẹ́ pépà ńlá kan, International Paper, dé sórí ilẹ̀ àwọn Meaher níbẹ̀, ilé iṣẹ́ pépà kejì tún tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Màá sọ òótọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ó dùn. Iṣẹ́ wà, owó ń wọlé, àwọn èèyàn ń rọ́ wá láti oko, abúlé kún títí dé bí 12,000 èèyàn, ṣọ́ọ̀bù wà, onígbàjámọ̀ wà, ẹni tó bá dàgbà níbẹ̀ nígbà yẹn ò ní gbà kẹ́ ẹ pè é ní ibi òṣì. Ṣùgbọ́n bí eérú ṣe ń jáde nínú ṣímínì ló ń balẹ̀ sórí aṣọ tí wọ́n sá síta, sórí orùlé, sórí mọ́tò, mọ́tò á máa dípẹtà. Òórùn ẹ̀, àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ sọ pé tẹ́ ẹ bá ń ráhùn nígbà yẹn wọ́n á ní òórùn owó ni. Wọ́n ń mí i símú bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Nígbà tó di 2000 International Paper tì, iṣẹ́ lọ, ìdọ̀tí kù. Ní 2017 àwọn ará abúlé tó lé ní ẹgbẹ̀rún gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù lórí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí yẹn, torí ọ̀pọ̀ ìdílé ló gbà pé òun ló fa àìsàn jẹjẹrẹ tó ń mú èèyàn wọn lọ.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ni ti ilé. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní ilẹ̀ tirẹ̀, àwọn tó wá lẹ́yìn ń gba ilé rẹ́ǹtì, àwọn Meaher ló ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, ilé onípákó tí kò ní omi ẹ̀rọ. Nígbà tí ìlú Mobile gba abúlé mọ́ra ní 1960 tí òfin ìlú wá ní kí ilé ní omi, dípò kí wọ́n fa páìpù sí i, wọ́n wó ọ̀pọ̀ wọn dànù láàárín àwọn ọdún 1960. Àwọn tó ń gbé inú ẹ̀ fọ́n ká.

Èyí tó dùn mí jù ni ti títì. Wọ́n fẹ ojú ọ̀nà Bay Bridge, wọ́n sọ ọ́ di títì márosẹ̀ tó la àárín abúlé kọjá, ojú ọ̀nà tí àwọn ṣọ́ọ̀bù wà tẹ́lẹ̀ gan-an nìyẹn, gbogbo ẹ̀ lọ. Bíríìjì tuntun tó sọdá odò ṣí ní 1991, wọ́n sì fi orúkọ Africatown kún orúkọ ẹ̀. Torí pé wọn kì í jẹ́ kí tírélà tó bá kó kẹ́míkà tó léwu gba inú ihò ọ̀nà abẹ́ odò (tunnel) tó wà nígboro Mobile, bíríìjì yìí ni gbogbo wọn ń gbà, lójú ilé àwọn èèyàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tó bá fẹ́ sọdá láti ẹ̀gbẹ́ kan abúlé sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ̀mí ẹ̀ ló fi ń wewu. Nínú 12,000 yẹn, bí 2,000 ló kù.

Síbẹ̀ ẹ má kàn wo àwòrán kẹ́ ẹ ní ó ti parí. Ní 2012 ìjọba àpapọ̀ kọ abúlé náà sínú ìwé àwọn ibi ìtàn tí wọ́n ń dáàbò bò. Cleon Jones, agbábọ́ọ̀lù baseball tó gba ife pẹ̀lú New York Mets ní 1969, ọmọ ibẹ̀ ni, ó padà sílé, ó sì kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n ń tún ilé àwọn arúgbó ṣe, wọ́n ń kùn ún, wọ́n ń pààrọ̀ orùlé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni abúlé fi ń gbéra.

ÌBÉÈRÈ (láti Òṣogbo): Ọkọ̀ náà ńkọ́? Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ti rí i?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018 wọ́n kọ́kọ́ rí ọkọ̀ kan tí wọ́n rò pé òun ni, kò sì jẹ́ òun. Wọ́n tún wá a, oṣù karùn-ún 2019 ni ìjọba Alabama kéde pé Clotilda gan-an nìyí nínú ẹrẹ̀ odò Mobile, ẹrẹ̀ yẹn ló sì jẹ́ kí èyí tó pọ̀ nínú ara ẹ̀ ṣì wà. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò dámọ̀ràn ní 2024 pé kí wọ́n fi sílẹ̀ níbi tó wà, tí wọ́n bá fà á síta ó lè fọ́ túútúú. Àǹfààní kan tí mo rí nínú ẹ̀ ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún àwọn kan ń sọ fáwọn ará Africatown pé ìtàn tí bàbá wọn sọ, àlọ́ lásán ni. Kò sẹ́ni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

ÌBÉÈRÈ (láti Houston, Texas): Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ mi lọ síbẹ̀ nígbà họlidé. Kí ló wà láti rí?

ÌDÁHÙN: Ẹ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ. Mùsíọ́mù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Africatown Heritage House ṣí ní oṣù keje 2023, àwọn ègé pákó ọkọ̀ náà wà nínú omi níbẹ̀ kó má baà bàjẹ́, ẹ sì máa gbọ́ ìtàn àwọn èèyàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ ṣọ́ọ̀ṣì wò, ẹ jáde lọ sí itẹ́ òkú lódìkejì títì, àmọ́ ẹ di ọwọ́ àwọn ọmọ yín mú dáadáa, mo ti sọ ti tírélà. Tẹ́ ẹ bá pàdé àgbàlagbà kan níbẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ kí i, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín kí wọ́n dọ̀bálẹ̀. Ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, ẹ má kàn ya fọ́tò kẹ́ ẹ máa lọ.

ÌBÉÈRÈ (láti Ìbàdàn): Mo ti ń gbìyànjú láti mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ bàbá yẹn. Kí ni Kossola túmọ̀ sí, ṣé ó bímọ tó rọ́pò ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Mo fi tiyín sẹ́yìn nítorí ó ṣòro fún mi láti kọ. Àwọn olùwádìí tó béèrè lọ́dọ̀ àwọn Ìṣà sọ pé orúkọ tí ìyá tí ọmọ ti ń kú mọ́ lọ́wọ́ máa ń sọ ọmọ ni, pé ọmọ mi ò ní kú mọ́.

Òun àti Àbílé ìyàwó ẹ̀, tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà, bí ọmọ mẹ́fà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n ní, àìsàn mú un lọ ní 1893, ọmọ ọdún 15 ni. Ní 1902 ọlọ́pàá kan yìnbọn pa ọmọ ẹ̀ Cudjo kékeré. Lọ́dún yẹn kan náà, ọkọ̀ ojú irin kọ lu bàbá náà nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ẹ̀, egungun ìhà ẹ̀ kán, kò lè ṣiṣẹ́ tó le mọ́. Ó pe ilé iṣẹ́ rélùwéè lẹ́jọ́, kóòtù ní kí wọ́n fún un ní 650 dọ́là, kóòtù àgbà yí i padà, kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ní 1905 ọkọ̀ ojú irin pa ọmọ ẹ̀ David. Ọmọ ẹ̀ míì tó ń jẹ́ Pollee (kì í ṣe Pollee tí wọ́n jọ dìbò) jáde lọ́jọ́ kan, wọn ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Ọmọ ẹ̀ James lọ, Àbílé lọ ní 1908, Ìyàjẹmí náà tẹ̀ lé ìyá ẹ̀. Látìgbà tó ti fara pa ni ṣọ́ọ̀ṣì ti ní kó máa ṣọ́ ilé Ọlọ́run, kó máa lu agogo, ẹ̀bá ibẹ̀ náà ló ń gbé títí tó fi kú ní 1935, ìyàwó ọmọ ẹ̀ àtàwọn ọmọ-ọmọ wà nítòsí ẹ̀.

Ní 1927 àti 1928, Zora Neale Hurston, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń kọ ìtàn àwọn èèyàn wa sílẹ̀, wá a wá. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, Kossola ló pè é, kò pè é ní Cudjo. Ńṣe ni omi bọ́ lójú bàbá náà, ó ní kò sẹ́ni tó tún ń pe òun lórúkọ tóun gbé ti òdìkejì omi wá. Lọ́jọ́ tí obìnrin yẹn fẹ́ yà á ní fọ́tò, ó wọlé lọ wọ kóòtù ẹ̀ tó dáa jù, ó wá bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ rí bíi pé Áfíríkà lòun wà. Ó ní kó má ya òun níwájú ilé, kó jẹ́ káwọn lọ sí itẹ́ òkú, láàárín sàréè ìyàwó òun àtàwọn ọmọ òun. Ibẹ̀ ló dúró sí, láìwọ bàtà, ni wọ́n yà á.